Páànù Kékeré Ìyá Alágogo

Kó. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń dún. Kó, ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ìgbà tí onítìjú ènìyàn bá fi ìka kan ilẹ̀kùn, tó sì ń rò ó pé bóyá kí òun kúkú padà lọ.

Páànù búrẹ́dì ni. Kì í ṣe àwọn páànù ńlá o. Àwọn yẹn, bí a bá ti fà wọ́n jáde nínú ààrò, tí a fi àkísà dì wọ́n mú, tí a sì gbá wọn mọ́ tábìlì kí búrẹ́dì lè bọ́, gbàà, gbàà ni wọ́n máa ń ké, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń dún kó. Páànù kékeré kan ni, etí rẹ̀ kan ti tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbá a, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbá ọmọ tuntun lẹ́yìn kó lè gùnfẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé. Mo ti gbàgbé orúkọ ọ̀pọ̀ oníbàárà wa. Bí wọ́n bá ní kí n ya àwòrán ojúde wa báyìí, n kò mọ̀ bóyá ọ̀tún ni mo máa fi títì sí tàbí òsì. Ṣùgbọ́n èmi lè gbàgbé ìró yẹn, ìró yẹn ò gbàgbé mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló tún wá mi wá, níbi tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí mo ń mu tíì mi.

Fóònù ló fà á. Ọmọbìnrin mi ló fi ohùn ránṣẹ́. Igbe ọmọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, irú igbe tó máa ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, kí ọmọ mi tó gba ọ̀rọ̀ sọ lórí rẹ̀:

"Bàbá, ẹ gbọ́ ẹni tó gba agogo lọ́wọ́ mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Alágogo ni a máa ń pe òun fúnra rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Òun náà ti wá di ìyá àgbà báyìí. N kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí ohùn mìíràn fi wọlé, ohùn ọmọ-ọmọ mi, ẹni tó bí ọmọ tó ń ké náà. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Bàbá àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wàrà màlúù ni ara ọmọ kọ̀, pé kí n má jẹ ẹ́ mọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń fún un lọ́mú. Mo ti fi í sílẹ̀, kò yàtọ̀. Gbogbo ayé ló ń dá mi nímọ̀ràn. Mo ti ń rò ó pé kí n kúkú já a lẹ́nu ọmú. Ó jọ pé ọmú tèmi ni kò dáa."

Gbólóhùn tó fi parí ọ̀rọ̀ yẹn, mo ti gbọ́ ọ rí. Ẹnu ìyá ìyá rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ohùn kan náà ló sì fi sọ ọ́.

Ká ní ìyàwó mi wà láyé ni, òun ni ìbá dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ ọmú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí arúgbó ọkùnrin ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tí a ti gbọ́njú nínú ilé náà nígbà yẹn, èmi nìkan ló kù tó lè ròyìn rẹ̀.

Ilé búrẹ́dì ni ilé wa. Bàbá wa ló dá a sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló jogún rẹ̀, èmi ni igbá-kejì: èmi ni mò ń po fúláwà, èmi ni mò ń bójú tó iná. Iwájú la ti ń tà, àárín ni ààrò wà, ẹ̀yìn là ń gbé. Yàrá èmi àti ìyàwó mi fara ti ògiri ààrò. Bí òjò bá ń rọ̀, tí o fẹ̀yìn ti ògiri náà, ṣe ló máa dà bíi pé wọ́n pọ̀n ọ́. Fúláwà wà lórí gbogbo nǹkan wa, lórí ìrọ̀rí, lórí ìpéǹpéjú, nínú agogo ara ògiri. Obìnrin aránṣọ tó gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa máa ń sọ pé àwa nìkan ni ìdílé tó ń hu ewú láti kékeré.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó fi ń yangàn: mílíìkì. Omi làwọn alábúrẹ́dì yòókù fi ń po tiwọn. Òun ní tirẹ̀, á bu mílíìkì gbígbẹ láti inú àpò, èyí tó kúnná bí àtíkè, á pò ó mọ́ omi kó tó da fúláwà sí i. Búrẹ́dì rẹ̀ rọ̀ bí òwú, òórùn rẹ̀ sì ń ta dé ìkóríta. Oníwàrà ni àwọn oníbàárà ń pè é. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín á ti máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀.

Àṣà kan wà nínú ilé wa tí bàbá wa fi lélẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bímọ sínú ilé náà, búrẹ́dì tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ààrò láràárọ̀, ti ìyá ọmọ ni, títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú. Àwọn oníbàárà ìbáà ti tò dé títì, wọ́n á dúró. Bàbá wa a máa wí pé, "Ẹni tó ń bọ́ ènìyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́." Nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, ẹ̀gbọ́n mi kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ búrẹ́dì yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, lórí aṣọ funfun, á na ọwọ́ wọlé, á sì kọ ojú sí ibòmíràn nítorí ìtìjú.

"Ìyàwó, ó ti jáde o."

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun."

Ìyàwó mi á fà á ya, ooru á sì bo ojú rẹ̀.

Ọmọ náà rẹwà. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń sùn bí ẹni tó rìn wá láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó yá, igbe bẹ̀rẹ̀. Bó bá mu ọmú tán, kò ní pẹ́ tí á fi ká ẹsẹ̀ mọ́ ikùn, ara á le bí igi, ojú á pọ́n, á sì figbe ta. Á pọ ọmú sí wa lára. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sú, ó gbẹ ṣákaṣàka, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ikun imú. Ẹni tó bá gbé e, ọwọ́ onítọ̀hún ló máa kọ́kọ́ rẹ̀ kó tó rẹ ọmọ.

Aránṣọ gbẹnu lé ògiri lọ́jọ́ kan.

"Ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún alágogo yín pé ìjọ ti tú. Kó lọ sinmi."

Bí Alágogo ṣe di orúkọ nìyẹn. Ẹ̀rín la fi gbà á, nítorí bí a ò bá rín in, ẹkún ló kù.

Ìmọ̀ràn wá ń rọ̀ bí òjò. Oníbàárà á san owó búrẹ́dì, á sì fi ìmọ̀ràn lé e bí èènì. Ọ̀kan ní òtútù ni. Èkejì ní ooru ààrò ni. Ọ̀kan ní ìyá ọmọ ń gbé e jù, ẹnìkejì tó tẹ̀ lé e ní kò gbé e tó. Bàbá kan wo èmi náà láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àbí o ò rántí bí ìwọ náà ṣe ń ké tó nígbà tó o wà ní kékeré? Ọmọ ẹni ní í jọni."

Èmi lè fi ìyẹn ṣẹ̀rín. Ìyàwó mi kò lè fi í ṣẹ̀rín. Ọrùn rẹ̀ ti ń yọ eegun. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀dẹ̀, á ti máa gbára dì, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ síwájú adájọ́.

Ìyá wa kì í ṣe ìkà ènìyàn, mo fẹ́ kó yé yín. Òun ló ń gbé ọmọ náà yí ilé ká títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dùn ún. Àánú ló mú un sọ ohun tó sọ.

"Ìyàwó mi, má jẹ́ kó dùn ọ́. Ọmú mìíràn wà tó máa ń kan. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Jẹ́ ká ra mílíìkì inú agolo fún un, kí ìwọ náà lè rójú fojú kan oorun."

Nígbà tí Ìyá wa jáde, ìyàwó mi yíjú sí ògiri gbígbóná yẹn, ó ní, "Ó jọ pé ọmú tèmi ni kò dáa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Gbogbo yín lẹ̀ ń rọra yí i ká." Ó tẹ́ ọwọ́ sórí ikùn ọmọ náà. "Bàbá ọmọ, gbogbo ilé ló lè gbé e. Gbogbo ilé ló lè wẹ̀ ẹ́. Èyí nìkan ni tèmi. Bí mo bá já a lẹ́nu rẹ̀, kí ló kù tí èmi máa jẹ́ fún un?"

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ohun tí mo rí ṣe nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, obìnrin gíga kan tí kì í kánjú. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ kó tó dáni nímọ̀ràn. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ó béèrè bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí, ó béèrè ìgbà tí igbe náà máa ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Mo fura sí wàrà."

Ojú ìyàwó mi fà ro. "Wàrà tèmi?"

"Rárá o. Ti màlúù. Ohun tí ẹ bá jẹ máa ń gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ, àwọn ọmọ kan sì wà tí ara wọn kì í gba ti màlúù. Ìfura ni o, mi ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ jáwọ́ nínú mílíìkì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ká wo bí ara rẹ̀ á ṣe rí. Ọmú yín dáa. Ẹ má já a."

"Ìyá ọkọ mi ní ká ra tinú agolo."

"Tinú agolo yẹn ńkọ́, níbo ló ti wá bí kì í bá ṣe lára màlúù?"

Bí ìyàwó mi ṣe rìn délé lọ́jọ́ náà, ẹ ó rò pé ẹsẹ̀ tuntun ni wọ́n rà fún un. Tíì dúdú ló ń mu láti ọjọ́ yẹn, á dijú mu ún bí ẹni ń mu oògùn. Ó fi bọ́tà sílẹ̀. Ó fi wàràkàṣì tó fẹ́ràn sílẹ̀. Mo wá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, níbi tó ti ń gé fúláwà sí páànù, pé búrẹ́dì ńkọ́.

Ó wò mí bíi pé mo béèrè bóyá òkú ń sáré.

"Búrẹ́dì? Ohun tó ti gba inú iná kọjá?"

Kò sí alábúrẹ́dì tó máa bá a jiyàn. Ojoojúmọ́ là ń rí i. Yíìsì tó ń hó nínú abọ́ bí ohun ẹlẹ́mìí, bó bá wọ ààrò, ó parí. Ẹyin tó ń rùn, kò ní rùn mọ́. Bí o bá jẹ fúláwà pípò ní tútù, ikùn rẹ á rojọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n bó bá ti jinná, ọmọdé pàápàá á jẹ ẹ́ sùn. Lójú tiwa, iná ni adájọ́ ìkẹyìn, ohunkóhun tó bá dé iwájú rẹ̀ ti pa orúkọ dà. Ẹlòmíràn tí kì í ṣe alábúrẹ́dì ìbá padà lọ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Àwa mọ iná débi pé a ò béèrè.

Nítorí náà búrẹ́dì àkọ́kọ́ kò dúró. Nígbà tí ìyàwó mi sì ti fi gbogbo adùn yòókù sílẹ̀, búrẹ́dì yẹn nìkan ló kù tó ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Ṣe ló tún ń jẹ ẹ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi rí i pé ó ń jẹ ẹ́ tán, inú rẹ̀ dùn, ó sì fi kún un.

Alágogo ò sinmi agogo.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ìyá wa ní, "A ti ṣe ti nọ́ọ̀sì. Bó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí kò yàtọ̀, mo máa lọ ra agolo." Ìyàwó mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mímì tó mi orí yẹn bà mí lẹ́rù ju ẹkún lọ.

Àsìkò yẹn gan-an ni òjò ya ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ẹlẹ́rù ń gbà. Fúláwà wà nílẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mílíìkì tán. Ẹ̀gbọ́n mi gbọn ìsàlẹ̀ àpò títí tí kò fi sí ohun tó jáde mọ́. Kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é, ó fi omi po búrẹ́dì.

Ìtìjú fẹ́ẹ̀ pa á. Ó sá sẹ́yìn, ó ní kí n máa tà níwájú. Èmi ni mo wá ń gba èébú.

"Oníwàrà dà? Àbí ó ti di Olómi?"

"Ẹ fara dà á, ọ̀nà ló bàjẹ́."

Aránṣọ fi ìka tẹ búrẹ́dì tirẹ̀, ó gbé e sí etí. "Mo fẹ́ gbọ́ bóyá ó ń mí ni. Ṣé búrẹ́dì lẹ tà fún mi ni, àbí ìrọ̀rí? Bó bá jẹ́ ìrọ̀rí, ẹ sọ fún mi kí n rán aṣọ sí i."

Búrẹ́dì ìyá ọmọ pàápàá, ẹ̀gbọ́n mi á kàn rọra gbé e sílẹ̀ ni, á ní, "Ìyàwó, máa gbà á bẹ́ẹ̀ ná," á sì yára lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wà nídìí ẹ̀rọ tó ń po fúláwà. Ó ṣàdédé ṣe mí bíi pé etí mi ti di. Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo fetí sílẹ̀. Mo gbọ́ òjò lórí páànù òrùlé, mo gbọ́ ẹ̀rọ aránṣọ lẹ́yìn ògiri, n kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré wọ yàrá pẹ̀lú fúláwà dé ìgúnpá. Ìyàwó mi fi ìka sí ẹnu. Ọmọ náà ti mu ọmú, ó ti sùn, ó ṣì di ọrùn aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Nígbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń dán.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sàn díẹ̀díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín fún Ìyá wa, Ìyá wa sì gbé e káàkiri láti fi ẹ̀rín náà han àwọn tí kò béèrè. "Ó ti dàgbà bọ́ nínú rẹ̀," ni ó ń wí. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ agolo.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ọ̀nà ṣe. Àpò mílíìkì dé.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ọkọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì òórùn búrẹ́dì ti dé ìkóríta kí oòrùn tó yọ. Ó jẹ́ kí ojú búrẹ́dì àkọ́kọ́ pọ́n dáadáa, ó sì fi ìlọ́po méjì mílíìkì sí i.

"Ìyàwó, ìyà yẹn ti tán."

Ìyàwó mi jẹ ẹ́ tán, ó sì tún fi ìka ṣa èérún rẹ̀ jẹ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Alágogo ti ń ká ẹsẹ̀ mọ́ ikùn. Lọ́jọ́ kejì, agogo náà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti pọ́n padà. Ìyá wa mú ìborùn rẹ̀, ó ń wá bàtà. Gbogbo wa la mọ ohun tó fẹ́ lọ rà.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ jókòó díẹ̀," ni ìyàwó mi wí. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ń ké léjìká rẹ̀, àjẹkù búrẹ́dì wà lórí itan rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá ọmọ, nígbà tó ń sùn yẹn, kí ni a ò ní nínú ilé yìí?"

"Mílíìkì."

"Kí la ti wá ní báyìí?"

Mo la ẹnu láti sọ pé iná ti jẹ ẹ́. Mo wo àjẹkù búrẹ́dì náà.

Ìyá wa bọ́ bàtà rẹ̀.

A di àjẹkù búrẹ́dì náà sínú aṣọ, a gbé e tọ nọ́ọ̀sì lọ bí ẹni gbé olè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nọ́ọ̀sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu.

"Mo ní kí ẹ jáwọ́ nínú mílíìkì."

Èmi ni mo dáhùn. "A rò pé iná ti..."

"Iná sè é ni, bàbá ọmọ. Kò lé e lọ." Ó wo fúláwà tó wà nínú irun mi, ẹ̀rín sì fẹ́ẹ̀ yọ lójú rẹ̀. "Ó lọ, ọmọ sinmi. Ó padà dé, ọmọ sunkún. Bí mo ṣe fẹ́ ká dán an wò náà nìyẹn, ẹ kàn ti ṣe é láìmọ̀." Ó kọjú sí ìyàwó mi, ó sọ àwọn oúnjẹ tó lè fi rọ́pò kí egungun tirẹ̀ má bàa jìyà, ó ní kó máa gbé ọmọ wá fún wíwọ̀n. Lẹ́yìn náà ló tún sọ ọ́, bíi pé ó mọ ibi tó ń dùn ún: "Ọmú yín dáa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ wá ló ti dáa."

Ìyàwó mi sunkún níbẹ̀, ẹkún tí kò pariwo.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé gùn lọ́jọ́ yẹn. Ta ló máa sọ fún Oníwàrà? Ẹni tó fi búrẹ́dì yangàn, tó ń gbé èyí tó dára jù nínú rẹ̀ wá fún ọ láràárọ̀, kí lo máa fi sọ fún un pé òun ló ń pa ọmọ lẹ́kún? Mo ní kí n bá a sọ ọ́. Ìyàwó mi kọ̀.

"Èmi ló ń gbé e wá fún. Èmi ni mo máa sọ ọ́."

Ilẹ̀ mọ́, àwọn páànù ké, ẹ̀gbọ́n mi dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ funfun.

"Ìyàwó, ó ti jáde o."

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní lè jẹ ẹ́ mọ́." Ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún un, mílíìkì, òjò, ọ̀nà tó bàjẹ́, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì nípa iná. Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ibòmíràn lọ́jọ́ náà. Ó ń wo ọmọ, ó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínà síwájú, ooru sì ń jáde lára búrẹ́dì náà.

"Ó dáa," ni ó wí. Ó yí padà.

Gbogbo ọjọ́ náà, àwọn oníbàárà ń pè é ní Oníwàrà, ẹ̀rín kò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ìyá wa ń wo èmi, èmi ń wo ilẹ̀. Mo rò ó pé àṣà bàbá wa ti parí sọ́wọ́ wa, pé ìyàwó mi ti gba ọmú rẹ̀ padà, ó sì ti pàdánù ẹ̀gbọ́n.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìró omi ló jí mi. Mo jáde, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí ìkúnlẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ń fọ ọpọ́n tí a fi ń po fúláwà, òun tí kì í fọ nǹkan, tó jẹ́ pé èmi ló máa ń fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó ṣàn án, ó gbóòórùn inú rẹ̀, ó tún fọ̀ ọ́. Mo ní kí n ràn án lọ́wọ́.

"Dúró síbẹ̀. Mílíìkì wà lára aṣọ rẹ."

Ó fi omi àti iyọ̀ po fúláwà kékeré kan, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí àpò mílíìkì. Ó wá páànù kékeré kan jáde lábẹ́ àgá, èyí tí bàbá wa fi kọ́ òun níṣẹ́, ó fi iná sun ún mọ́. Páànù yẹn nìkan ló kọ́kọ́ wọ ààrò. Nígbà tó jáde, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè láti gbá a mọ́ tábìlì, ó wo ìhà yàrá wa, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kó.

Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Búrẹ́dì náà rí pẹlẹbẹ, ojú rẹ̀ kò pọ́n.

"Ìyàwó, tìrẹ ló kọ́kọ́ jáde. Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ṣùgbọ́n má wo ojú rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n," ni ìyàwó mi wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Rọra jẹ ẹ́. Ó le díẹ̀."

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láràárọ̀, ọpọ́n ní fífọ̀, páànù kékeré, kó, títí Alágogo fi já lẹ́nu ọmú nígbà tó tó àkókò. Igbe náà kò lọ lọ́jọ́ kan, ó ń dín kù ni, títí a fi gbàgbé láti máa retí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri, nọ́ọ̀sì ní ká tọ́ mílíìkì díẹ̀ sí i lẹ́nu, ara rẹ̀ sì gbà á. Kò pẹ́ tó fi ń jí búrẹ́dì Oníwàrà gbé lórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n mi á sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ààrò náà ti tutù báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, Ìyá wa ti lọ, ìyàwó mi náà ti lọ. N kò mọ ẹni tí páànù kékeré yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń kọ èsì fún ọmọ-ọmọ mi, tí mo sì ń pa á rẹ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ gùn bí ìwàásù. Èkejì dà bí ìmọ̀ràn oníbàárà, àwọn yẹn ló sì fẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí ìyá ìyá rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo gé búrẹ́dì fún ara mi, mo yí ọ̀rá rẹ̀ padà láti ka ohun tí wọ́n fi ṣe é, mo sì rí mílíìkì níbẹ̀, nísàlẹ̀, nínú lẹ́tà kékeré. Mo gbé tíì sílẹ̀. Mo mú fóònù. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ọmọ mi, ọmú rẹ dáa. Má tíì já a. Bi ara rẹ pé kí ló wà nínú búrẹ́dì tí ò ń jẹ, àti nínú gbogbo ohun tí iná ti kàn, torí iná kì í lé mílíìkì lọ. Gbé ohun tó o bá rí padà tọ nọ́ọ̀sì rẹ lọ kí ẹ jọ wò ó, kì í ṣe èmi. Sọ fún ọkọ rẹ kó fọ ọpọ́n mọ́ tónítóní, kó fi omi àti iyọ̀ po fúláwà kékeré fún ọ, tìrẹ nìkan, kó sì jẹ́ búrẹ́dì yẹn ló máa kọ́kọ́ jáde nínú ààrò. Bó bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú páànù, kó rọra gbá a. Ọmọ ń sùn."